Láti Inú Ìtọ̀ dé Àtẹ́lẹsẹ̀: Ìtàn Wíwá Àtọ̀gbẹ Láì Gún Ara

Àwọn baba ńlá wa kò ní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n sọ àrùn kan ní àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n orúkọ náà fi hàn pé ojú wọn là dáadáa. Bí a bá tú u, ẹni tó ń tọ̀, tó ń tọ̀, títí ara rẹ̀ fi gbẹ, ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní ìtọ̀ ṣúgà. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìtàn àrùn yìí ni pé, ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Aretaeus, ará Kapadókíà ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Tọ́kì lónìí, kọ ọ́ ní èdè Gíríìkì pé àrùn yìí máa ń yọ́ ẹran ara ènìyàn dà sínú ìtọ̀. Orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń pè é, èyí tí àwọn Òyìnbó ṣì ń lò títí di òní, túmọ̀ sí ohun tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Aretaeus kò gbọ́ Yorùbá, àwọn baba wa kò sì ka ìwé rẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n rí, orúkọ tó jọra ni wọ́n sì fún un.

Ìtọ̀ ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí gbogbo ayé ní. Àwọn oníṣègùn Íńdíà àtijọ́ kíyè sí i pé èèrà máa ń bo ìtọ̀ àwọn aláìsàn kan, wọ́n sì sọ àìsàn náà ní orúkọ tó túmọ̀ sí ìtọ̀ olóyin. Nílé tiwa náà, àgbàlagbà kì í fi ojú kékeré wo èèrà tó bá tò lọ síbi tí ẹnìkan tọ̀ sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, dókítà kan tó ń jẹ́ Thomas Willis kọ ọ́ sínú ìwé pé ìtọ̀ àwọn aláìsàn yìí dùn bí oyin. Báwo ló ṣe mọ̀? Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má bínú, títọ́ ọ wò wà lára iṣẹ́ dókítà nígbà náà. Ní 1776, Matthew Dobson ní ìlú Liverpool gbé ìtọ̀ aláìsàn kaná títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ tán, ohun funfun tó ṣẹ́kù sì jẹ́ ṣúgà. Ó tún rí i pé omi ara ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà pàápàá dùn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń kúrò lórí ìtọ̀, tó ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e wà nínú ìwé sáyẹ́ǹsì wa, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní 1889, Oskar Minkowski àti Joseph von Mering yọ pancreas, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, kúrò nínú ajá, àtọ̀gbẹ sì mú ajá náà. Ní 1921, ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, Frederick Banting àti Charles Best rí oje tí ẹ̀yà ara yìí ń sun, èyí tí a ń pè ní insulin. Ní January 11, 1922, wọ́n gún ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan tó ń jẹ́ Leonard Thompson ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́. Kó tó dìgbà náà, ọmọdé tí àtọ̀gbẹ irú tirẹ̀ bá mú kì í pẹ́ láyé.

Ṣùgbọ́n insulin gbé ìbéèrè tuntun dé. Bí o bá gún un kéré jù, ṣúgà á pọ̀ jù; bí o bá gún un pọ̀ jù, ṣúgà á lọ sílẹ̀ débi tí ènìyàn lè dákú tàbí kó kú. Nítorí náà ó di dandan kí a mọ iye ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ní ìsinsìnyí, ìtọ̀ kò sì lè sọ ọ́. Ṣúgà kì í sábà dé inú ìtọ̀ àfi bí tinú ẹ̀jẹ̀ bá ti ga kọjá ààlà, àti pé ìtọ̀ tó wà nínú àpò ìtọ̀ báyìí, ìròyìn wákàtí mélòó kan sẹ́yìn ló ń mú wá. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ fi wọlé. Ní nǹkan bí 1965, ilé iṣẹ́ Ames ní Amẹ́ríkà gbé pélébé bébà kan jáde tí wọ́n pè ní Dextrostix: a ó kán ẹ̀jẹ̀ sí i, a ó dúró fún ìṣẹ́jú kan, a ó fi omi ṣàn án, a ó sì fi àwọ̀ rẹ̀ wé àwọ̀ tó wà lára ìgò. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ kéékèèké tó ń kọ nọ́ńbà dé, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé lónìí.

Ọ̀kan wà nílé wa. Ìyá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ń gbé lọ́dọ̀ wa, èmi ni mo sì máa ń ka nọ́ńbà náà fún wọn láràárọ̀ nítorí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Orí ìka wọn ti le bí awọ ìlù nítorí abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ti ọjà dé, wọ́n ní ọkùnrin kan ń ta aago ọwọ́ tó máa ń sọ iye ṣúgà láì gún ènìyàn rárá.

"Ọmọ mi, ìwọ lo ń kàwé. Ṣé òótọ́ ni?"

"Ẹ má tíì rà á, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wádìí ẹ̀."

Ìwádìí náà ló di àròkọ yìí. Nígbà tí mo ń wá bí a ṣe ń mọ àtọ̀gbẹ láì gún ara, mo bá ọ̀rọ̀ kan pàdé tí n kò gbọ́ rí: kámẹ́rà tó ń ya ooru ara. Àwọn kan ní ó lè fi àtọ̀gbẹ hàn. Kí n lè mọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni, àfi kí n padà síbi tí ìtàn ooru ara ti bẹ̀rẹ̀.

Kí tẹmómítà tó dé, ẹ̀yìn ọwọ́ ìyá lórí iwájú orí ọmọ ni òṣùwọ̀n. Nínú àwọn ìwé ìṣègùn àtijọ́ tí wọ́n fi orúkọ Hippocrates pè, a kà pé àwọn oníṣègùn Gíríìsì máa ń fi amọ̀ tútù pa àyà ẹni tí wọ́n rò pé ọyún wà nínú rẹ̀. Ibi tí amọ̀ bá ti kọ́kọ́ gbẹ, ibẹ̀ ló gbóná jù, ibẹ̀ ni wọn yóò gbé ọ̀bẹ lé. Inú mi dùn sí ìtàn yìí púpọ̀, nítorí àwòrán ooru gan-an nìyẹn, amọ̀ ni wọ́n fi yà á.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Santorio Santorio ní Ítálì fi ohun èlò onígíláàsì wọn ìgbóná ara ènìyàn. Ó tó 1868 kí Carl Wunderlich ní Leipzig, ilẹ̀ Jámánì, tó gbé ìwé ńlá jáde lórí ìgbóná ara nínú àìsàn, lẹ́yìn tó ti wọn ti nǹkan bí 25,000 aláìsàn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni 37°C tí a há sórí nílé ẹ̀kọ́ ti wá. Ní àsìkò kan náà, Thomas Clifford Allbutt ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gé tẹmómítà kúrú kó lè wọ àpò dókítà, tí yóò sì jíṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 5. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwọ̀nyí, àfi kí wọ́n kan ara. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ooru ń rìn nínú afẹ́fẹ́ bí ìmọ́lẹ̀.

Ẹni náà ni William Herschel, ará Jámánì tó di ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Olórin ni kó tó di onímọ̀ ìràwọ̀, òun ló sì rí Uranus ní 1781. Ní 1800, ó ń wá gíláàsì aláwọ̀ tí òun lè fi wo oòrùn kí ojú òun má baà bàjẹ́. Ó kíyè sí i pé gíláàsì kan ń dí ìmọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n ooru ń gba inú rẹ̀ kọjá, òmíràn sì ń ṣe ìdàkejì. Ó wá jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn gba inú gíláàsì onígun mẹ́ta kọjá, ìmọ́lẹ̀ náà sì pín sí àwọn àwọ̀ òṣùmàrè lórí tábìlì. Ó kun ìdí tẹmómítà ní dúdú, ó ń gbé e láti inú àwọ̀ kan sí òmíràn. Àwọ̀ ewé gbóná ju elésè àlùkò lọ, pupa sì gbóná ju àwọ̀ ewé lọ. Lẹ́yìn náà ló sún tẹmómítà kọjá pupa, síbi tí ojú kò ti rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Ibẹ̀ ló gbóná jù lọ.

Ìtànṣán tí Herschel bá pàdé níbẹ̀ ni a ń pè ní infrared lónìí. Gbogbo ohun tó bá ní ooru ló ń tú u jáde: ìkòkò ọbẹ̀, ògiri tí oòrùn pa, èmi, ìwọ. Ọmọ rẹ̀, John Herschel, ló ya àwòrán ooru ní 1840. Ó fi èéfín kun bébà dúdú, ó rẹ ẹ́ sínú ọtí líle, ó sì jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn bọ́ sórí rẹ̀. Ibi tí ooru bá bà ni ọtí ti kọ́kọ́ gbẹ, àwòrán sì yọ. Ẹ ò rí i pé amọ̀ Hippocrates tún ti padà wá?

Láti ibẹ̀, àwọn ológun ló gbé iṣẹ́ náà dé ibi tó ga, torí wọ́n fẹ́ rí ọ̀tá nínú òkùnkùn. Ní 1965, ilé iṣẹ́ AGA ní Sweden ta kámẹ́rà ooru fún àwọn tó ń ṣọ́ wáyà iná mànàmáná, nítorí ibi tí wáyà bá ti fẹ́ já máa ń gbóná kó tó já. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ wáyà yìí sọ́kàn, mo máa padà sórí rẹ̀. Kámẹ́rà ìgbà náà tóbi, ó wúwo, nitrogen olómi ni wọ́n sì fi ń mú ojú rẹ̀ tutù. Lẹ́yìn 1992, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà jẹ́ kí ìmọ̀ kámẹ́rà tí kò nílò ìtutù bọ́ síta, owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ní 2014, èyí tó ṣeé so mọ́ fóònù dé ọjà.

Ọdún 2014 yẹn kan náà ni ìtànṣán Herschel dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wa. Ní July, arìnrìn-àjò kan gbé àrùn Ẹ̀bólà láti Liberia wọ Èkó. Ènìyàn 20 ló ní in ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú, Dókítà Ameyo Adadevoh tí kò gbà kí aláìsàn náà jáde kúrò nílé ìwòsàn sì wà lára wọn. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, àwọn olùkọ́ di ohun tó dà bí ìbọn mú, wọ́n ń nà án sí iwájú orí àwọn ọmọ. Mo kéré nígbà náà, màmá mi ló sọ ọ́ fún mi; ṣùgbọ́n èmi náà tò sórí ìlà fún un nígbà Kòrónà. Ohun tí ìbọn yẹn ń ṣe ni pé ó ń ka ooru ojú kan ṣoṣo. Kámẹ́rà ooru ń ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń fi àwọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Kò tan nǹkan kan sínú ara bíi ti X-ray. Ohun tí ara ń tú jáde fúnra rẹ̀ ló ń gbà.

Ṣé kò ní ṣe ojúsàájú fún awọ funfun? Mo béèrè nítorí mo ti kà pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka láti mọ afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣì í kà lára aláwọ̀ dúdú ju aláwọ̀ funfun lọ. Lórí ti ooru, James Hardy ti dáhùn ní Amẹ́ríkà láti 1934: bí awọ dúdú ṣe ń tú ìtànṣán yìí jáde ni awọ funfun ń tú u. Àwọ̀ tí ojú ń rí kò kan ọ̀rọ̀ náà.

Ìtàn kan wà tó yẹ kó kọ́ wa ní sùúrù. Ní 1956, dókítà kan ní Montreal, Ray Lawson, kọ̀wé pé awọ tó wà lórí jẹjẹrẹ ọmú máa ń gbóná ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Inú ayé dùn. Ta ni kò ní fẹ́ àyẹ̀wò tí kò dunni? Nígbà tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan ní 1973 láti yẹ àwọn obìnrin wò káàkiri, wọ́n fi kámẹ́rà ooru sí i. Láàárín ọdún díẹ̀ wọ́n yọ ọ́ kúrò, nítorí jẹjẹrẹ tó ń fò ó dá ti pọ̀ jù. Títí di òní, àjọ FDA tó ń ṣọ́ oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn níbẹ̀ ṣì ń kìlọ̀ pé kí obìnrin má ṣe fi àwòrán ooru rọ́pò àyẹ̀wò mammogram. Kámẹ́rà náà kò purọ́. Ooru ló rí, àwọn ènìyàn ló ní jẹjẹrẹ ló rí.

Ibi tí kámẹ́rà ooru ti rí iṣẹ́ gidi ṣe, ọ̀dọ̀ àwọn tó ní àrùn ẹ̀tẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Paul Brand, dókítà iṣẹ́ abẹ tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí ní Íńdíà ní 1914. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Vellore, ó ń tún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn tó ní ẹ̀tẹ̀ ṣe. Ohun tí gbogbo ènìyàn gbà nígbà náà ni pé àrùn náà ló ń jẹ ìka wọn. Brand fi hàn pé ohun tó ń jẹ wọ́n ni àìmọ ìrora. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ti kú, wọ́n ń di ìkòkò gbígbóná mú, wọ́n ń rìn lórí egbò, ara kò sì ké gbàjarè. Ní 1966 ó kó lọ sí ilé ìwòsàn Carville ní Louisiana, ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ló ti ń fi ẹ̀rọ àwòrán ooru wo ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́, ó sì rí i pé ibi tí yóò di egbò máa ń gbóná kí awọ tó là.

Ó dà bíi wáyà iná àwọn ará Sweden. Ó ń gbóná kó tó já.

Láìpẹ́ ó hàn pé ohun kan náà ló ń ṣe ẹsẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ. Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, ti ẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń ṣáájú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìkan. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde ní 1971 lórí alátọ̀gbẹ 832 ní Nàìjíríà. Àwọn kan ṣì ń sọ nígbà náà pé àrùn Òyìnbó ni.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa, kápẹ́ńtà ni wọ́n. Ìṣó gun àtẹ́lẹsẹ̀ wọn láàárọ̀, ó gba bàtà wọlé, wọ́n sì fi ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyàwó wọn ló rí ẹ̀jẹ̀ nínú bàtà nígbà tí wọ́n délé. Wọn kò mọ ohunkóhun lára. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta wọ́n gé ẹsẹ̀ náà láti orúnkún, pátákó ìṣẹ́ wọn sì wà níwájú ilé di òní, òjò ń pa á. Nígbà tí mo ń kà nípa Brand, àwọn ni mo ń rí. A máa ń rò pé ìrora ni ọ̀tá. Ẹni tí kò ní in mọ́ kò ní aláàánú tí yóò sọ fún un pé ìṣó wà nínú bàtà.

Ṣé ooru lè di aláàánú náà? Ní Amẹ́ríkà, Lawrence Lavery, David Armstrong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dán an wò. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2007, wọ́n kó alátọ̀gbẹ 173 tí ẹsẹ̀ wọn ti ní egbò rí jọ, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìpín kan gba ìtọ́jú tí gbogbo ènìyàn ń gbà, ìpín kejì ń fi dígí wo ẹsẹ̀ wọn lójoojúmọ́, ìpín kẹta ń fi tẹmómítà infrared wọn ojú mẹ́fà lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ojú kan lára ẹsẹ̀ ọ̀tún bá fi ju 2.2°C lọ gbóná ju ojú kan náà lára ẹsẹ̀ òsì, wọn yóò dín ìrìn kù, wọn yóò sì pe nọ́ọ̀sì. Láàárín oṣù 15, nǹkan bí 30 nínú 100 ló tún ní egbò ní ìpín méjì àkọ́kọ́. Ní ìpín kẹta, kò tó 9 nínú 100. Ẹ wò ó dáadáa: dígí kò ran wọ́n lọ́wọ́ ju ìtọ́jú lásán lọ. Nígbà tí ojú bá fi rí i, ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Lónìí, ìmọ̀ràn àgbáyé lórí ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ, èyí tí ẹgbẹ́ IWGDF ń kọ, sọ pé kí ẹni tí ewu egbò bá wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ronú láti máa wọn ooru rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kó sì ké sí dókítà bí ìyàtọ̀ náà bá hàn ní ọjọ́ méjì tẹ̀léra.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń fi ẹsẹ̀ wé ẹsẹ̀, tí wọn kò kàn sọ pé ẹsẹ̀ gbígbóná burú? Ibí yìí ló gbà mí lákòókò jù. Àtọ̀gbẹ máa ń mú ẹsẹ̀ gbóná, ó sì máa ń mú un tutù. Bí iṣan tó ń darí òógùn àti ẹ̀jẹ̀ bá bàjẹ́, òógùn á dá, ẹ̀jẹ̀ á ya bo awọ, ẹsẹ̀ á gbóná. Bí òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹsẹ̀ bá dí, ẹsẹ̀ á tutù. Ènìyàn kan náà lè ní méjèèjì. Nítorí náà kò sí nọ́ńbà kan tí a lè tọ́ka sí pé òun ni ooru àtọ̀gbẹ, bí a ṣe lè tọ́ka sí 39°C pé ibà ni. Ohun tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé díẹ̀ ni kí ẹsẹ̀ kan jẹ́rìí sí èkejì, bí ẹni gbé òṣùwọ̀n méjì ka iwájú. Ìyẹn náà ní àbùkù tirẹ̀: bí ojú kan náà bá ń bàjẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò jọ gbóná, ìyàtọ̀ kò sì ní sí. Ẹni tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò tilẹ̀ ní èyí tí yóò fi wé e.

Mo wá lè dá Ìyá àgbà lóhùn. Aago ọjà yẹn kì í ṣe kámẹ́rà ooru, kò sì sí èyí tó ń rí ṣúgà nínú àwọn méjèèjì. Ní February 2024, àjọ FDA kìlọ̀ ní gbangba pé wọn kò tíì fọwọ́ sí aago tàbí òrùka kankan tó ń sọ pé òun ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ fúnra òun láì gún awọ. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà irọ́ gún insulin lè má jí lọ́jọ́ kejì. Màmá fi abẹ́rẹ́ wọn sílẹ̀ sí ibi tó wà, wọ́n sì kùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ wọn méjèèjì ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bọ́ bàtà tí wọ́n sì ti sinmi fún ìgbà díẹ̀. Ọwọ́ mi kò mọ 2.2°C, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn; ìbẹ̀wò ilé ìwòsàn wọn kò yí padà.

Àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà kò tíì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n rí i pé lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le, ooru àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tí a bá yà pọ̀ máa ń dà bíi labalábá tó na ìyẹ́, nítorí àárín ẹsẹ̀ ló ń gbóná jù. Lára ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ, labalábá náà máa ń fọ́ tàbí kó pòórá. Ní Mẹ́síkò, àwọn onímọ̀ ya àtẹ́lẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ 122 àti ènìyàn 45 tí kò ní in, wọ́n sì gbé àwọn àwòrán náà jáde ní 2019 kí ẹnikẹ́ni lè fi kọ́ kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà náà, àwọn mìíràn, títí kan àwọn olùwádìí ní Qatar, ti fi wọ́n ṣe ètò tó ń ya àwòrán alátọ̀gbẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹni tí kò ní in.

Àwòrán 167 ènìyàn kéré láti fi kọ́ ẹ̀rọ tí yóò ṣe ìdájọ́ gbogbo ayé. Yàrá tí wọ́n ti ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù níwọ̀n, kí aláìsàn sì bọ́ bàtà kó sinmi kí wọ́n tó yà á. Hardy ti sọ fún wa pé àwọ̀ ara kò ní dí wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀ tó ń rìn láì wọ bàtà lórí ilẹ̀ gbígbóná ńkọ́? Ti ìyá tó jókòó ti ààrò láti àárọ̀? Ti ẹni tó wà ní yàrá ìwòsàn níbi tí iná ti lọ, tí fáànù kò yí, ní oṣù March, àti ti ẹni kan náà nígbà ọyẹ́? Kò sí ọ̀kankan nínú wọn lára àtẹ́lẹsẹ̀ tí wọ́n yà ní Mẹ́síkò. Ẹnìkan yóò ní láti ya tiwa, ní Ìbàdàn, ní Ìṣẹ́yìn, ní Ẹ̀pẹ́, kí kọ̀ǹpútà tó lè mọ bí labalábá tiwa ṣe rí.